Mo gbé ìfun bàbá mi wọ bọ́ọ̀sì!

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá fún ọ̀rọ̀ yìí. Káfíńtà ni bàbá mi. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé ìpá kiri, wọn ò sọ fún ẹnì kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún 2022, wọ́n gbé pákó nílẹ̀, ìpá náà yọ síta, kò wọlé mọ́. Àgbo ni wọ́n ń mu títí ilẹ̀ fi mọ́. Ká tó dé ọsibítù, ikùn ti le gbagidi, èébì ò dá.

Dókítà là wọ́n, ó gé ìfun tó gùn tó ìgúnpá mi sí orí ìka, ó dúdú bí èédú. Wọ́n kó o sínú ike, wọ́n da omi formalin lé e, nọ́ọ̀sì nà án sí mi: "Gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi figbe ta. "Wọn ò ní fi ìfun àbúrò mi ṣoògùn owó!" Wọ́n ní ká lọ sin ín sẹ́yìnkùlé. Ká má parọ́, ẹ̀rù ba èmi akọ̀ròyìn náà. Mo ṣáà fi ìwé ìròyìn wé e, mo gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì. Ìyá tó jókòó tì mí bi mí bóyá pọ̀mọ́ ni.

Ọ̀gá tó gbà á ní kí n padà wá wo iṣẹ́ wọn. Wọ́n gé díẹ̀ níbi tó dúdú, wọ́n gé díẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì tí ọ̀bẹ dókítà gbà kọjá, wọ́n rì í sínú ìda, wọ́n wá rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ ó to bí 20 léra kó tó nípọn bí irun orí kan! Wọ́n wá rẹ ẹ́ láró bí aláàdìrẹ Ìtókù, búlúù àti pínǹkì. Nínú maikirosikóòpù, ibi tó yè tò lẹ́sẹẹsẹ. Ibi tó kú ti ṣá bí aṣọ tí oòrùn jẹ, ẹ̀jẹ̀ dà káàkiri inú rẹ̀.

Ọ̀gá ní bí ọrùn ìpá bá fún ìfun, iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà ló kọ́kọ́ ń dí. Ìfun á wú, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè wọlé mọ́. Awọ inú lọ́hùn-ún ló kọ́kọ́ ń kú. Wákàtí bíi 6 ti tó. Mo ṣírò ti bàbá mi: 14.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, èsì dé: ìpẹ̀kun méjèèjì yè, kò sí jẹjẹrẹ. Mo kà á sétí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Yorùbá. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá fà mí sẹ́yìn ilé, wọ́n rọra bi mí pé: "Ọjọ́ wo ni dókítà yẹn máa ń wà níbẹ̀? Èmi náà ní ọ̀kan."