Táyé Lọ Ìlú Ọba, Òfin Sé Kẹ́hìndé Mọ́lé

Ní Igbó-Ọrà, ó ṣòro kí ènìyàn rìn láti agbo ilé kan dé èkejì kó má pàdé ìbejì. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà ló ń fà á. Láti ọdún 2018 ni wọ́n sì ti ń ṣe ọdún ìbejì níbẹ̀, tí àwọn èjìrẹ́ ń wọ aṣọ kan náà jáde. Yorùbá gbà pé Táyé, tó kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n. Kẹ́hìndé ló rán an níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò, bí ayé bá sì dùn, kó ké sí òun.

Ẹ fojú inú wo ìyá ìbejì kan nílùú náà. Ní ọdún 2023, Táyé rẹ̀ lọ sí Ìlú Ọba láti máa ṣe ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọkọ àti ọmọ rẹ̀ bá a lọ. Ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ayé tó lọ tọ́ wò sì dùn lójú ìyá. Kẹ́hìndé, tó kàwé jáde ní Ilé Ẹ̀kọ́ Gbogboniṣe Adéṣeun Ògúndoyìn ní Èrúwà, bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Ìgbà tí yóò fi múra tán, ìlẹ̀kùn ti tì. Oko ẹ̀gẹ́ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn, owó rẹ̀ sì ti bọ́ sọ́wọ́ àjẹ́ńtì.

Àwọn aládùúgbò lè sọ pé bí orí kálukú ṣe yàtọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òfin yí padà ló ya àwọn ọmọ ìyá kan náà sọ́tọ̀. Oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba Ìlú Ọba fi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera kún àwọn iṣẹ́ tí àjòjì lè tìtorí rẹ̀ gba físà, nítorí pé òṣìṣẹ́ wọn kò tó. Láti ọjọ́ 11, oṣù kẹta, ọdún 2024, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba físà náà fún irú iṣẹ́ yìí kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ lọ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 22, oṣù keje, ọdún 2025, wọn kò gba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkè òkun mọ́ rárá. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, iye owó ọdọọdún tí ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti onímọ̀ gbọ́dọ̀ máa gbà kí wọ́n tó lè rí físà òṣìṣẹ́ gòkè sí £41,700. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, £26,200 péré ni.

Ilẹ̀kùn tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn àjẹ́ńtì kan kò dẹ́kun títà á. Wọ́n á ní àwọn ní ìwé ìgbọ̀wọ́ iléeṣẹ́ kan lọ́wọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ tètè mú owó wá. Bẹ́ẹ̀, ìjọba Ìlú Ọba ń gbé orúkọ gbogbo iléeṣẹ́ tó láṣẹ láti gba àjòjì síṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni sì lè yẹ̀ ẹ́ wò láìsan kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 2024 sì ni òfin ti sọ pé iléeṣẹ́ tó gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba owó ìwé ìgbọ̀wọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá kò mọ èyí. Kẹ́hìndé kò sì béèrè.

Kódà, ẹni tó ti débẹ̀ kò tí ì bọ́. Láàárín oṣù keje ọdún 2022 sí ìparí ọdún 2024, ó lé ní 470 àṣẹ ìgbanisíṣẹ́ tí ìjọba náà gbà padà lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ ìtọ́jú. Bí wọ́n bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún òṣìṣẹ́ láti wá ọ̀gá mìíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Táyé fúnra rẹ̀. Físà yàtọ̀ sí ìwé ìgbélùú gbére. Físà dà bí yàrá tí a háyà: onílé lè ní kí àlejò jáde. Ìgbélùú gbére ló ń sọ àlejò di ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ tó wù ú, láìsí pé ọ̀gá kan di ìwé rẹ̀ mú. Òfin tí Táyé bá níbẹ̀ ni pé, lẹ́yìn ọdún 5, ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́ lè béèrè fún un. Kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 180 lọ lẹ́yìn odi láàárín oṣù 12 kankan. Yóò ṣe ìdánwò nípa ìgbé ayé Ìlú Ọba, ìbéèrè 24, kó gba 18 ó kéré tán. Yóò fi hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó rẹ̀ di £3,029 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Táyé, ọkọ àti ọmọ, ẹ bá wọn ṣírò rẹ̀.

Ọdún 2028 ni Táyé ń fojú sọ́nà fún. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba náà gbé àbá kan síta pé kí ọdún 5 di 10 fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí ó sì di 15 fún àwọn tó wà nídìí irú iṣẹ́ tí Táyé ń ṣe, títí kan àwọn tó ti wà níbẹ̀ tí wọn kò tí ì gba ìgbélùú. Bí àbá náà bá dòfin bó ṣe wà, ọdún 2028 di 2038 nìyẹn. Ọmọ tó gbé pọ̀n lọ yóò ti dàgbà.

Ọ̀nà kan ò sì wọjà. Àwọn kan ń gba ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ lò kò sí nínú ọdún 5 ti òṣìṣẹ́, láti oṣù kìíní ọdún 2024 sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ti lè mú ẹbí dání mọ́, àyàfi àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ bí oyè ọ̀mọ̀wé. Kánádà ní ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, tó ń fi máàkì wọn ọjọ́ orí, ìwé kíkà, iṣẹ́ àti èdè. Ẹni tó bá yege lè gba ìgbélùú kó tó wọ bàálù, kó sáà ti lo ọjọ́ 730 níbẹ̀ nínú ọdún 5 kí ìwé náà má baà bọ́. Ní ti tẹ́tẹ́ físà Amẹ́ríkà, wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò láti orí ti ọdún 2015, nítorí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti wọ ibẹ̀ láàárín ọdún 5 ti lé ní 50,000. Ẹni tó bá ń gba owó rẹ̀ lónìí ń lu jìbìtì ni.

Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó ṣáájú ilẹ̀ títà nílé kankan ní Ìbàràpá. Ṣé iléeṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ wà nínú ìwé àwọn tó láṣẹ lónìí, kì í ṣe léṣìí? Ṣé ẹbí lè bá ẹni tó ń lọ lọ? Ṣé ọdún tí yóò lò níbẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń kà fún ìgbélùú? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì máa mú ẹ̀gẹ́ jáde.

Nígbà tí ọdún ìbejì bá tún dé, ìyá náà yóò rán aṣọ méjì gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Kẹ́hìndé yóò wọ ọ̀kan jáde. Ìkejì yóò wà nínú àpótí, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un bóyá 2028 ni wọn yóò gbé e jáde tàbí 2038.