Ọkọ̀ Fàájì Gbé Wa Dé Nassau, Ọmọ-Ọmọ Mi Ní Tẹlifíṣàn Lòun Ń Wò!

Bí wọ́n bá ní èèyàn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sókè òkun, àwa tá a ti dàgbà díẹ̀, Aureol ló máa wá sí wa lọ́kàn. Láti 1951 títí di 1974 ni ọkọ̀ Elder Dempster yìí fi ń ná Àpápá àti ìlú ọba, tó ń yà ní Freetown àti Las Palmas, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi. Ẹni tó ń lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ẹni tó ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́yà wà níbẹ̀, ìyàwó tó ń lọ bá ọkọ náà wà níbẹ̀. Kálukú ló mọ ibi tó ń lọ.

Èyí tí mo fẹ́ ròyìn ẹ̀ fún yín yìí kò lọ síbì kankan. Ọkọ̀ fàájì ni. Ẹ ó wọ̀ ọ́ ní Miami, ẹ ó jẹun títí, ẹ ó jó, ẹ ó lúwẹ̀ẹ́ nínú odò àtọwọ́dá tó wà lókè ẹ̀, ọkọ̀ á yà ní erékùṣù kan fún wákàtí díẹ̀, á wá gbé yín padà sí Miami kan náà tẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kí wọ́n tún un sọ kó tó yé mi.

Tẹlifíṣàn ló sì bá wọn polówó ẹ̀. Láti 1977 títí di 1986, eré kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní The Love Boat, inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀: ẹni tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀ á rí òmíràn, àwọn tó ń jà á parí ìjà. Ṣáájú ìgbà yẹn, nǹkan àwọn arúgbó olówó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ka ìrìn àjò fàájì sí. Ìgbà tí oníkálukú ń rí i nínú pálọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Pacific Princess lorúkọ ọkọ̀ tí wọ́n lò jù nínú eré náà. Ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n ti tú u palẹ̀ fún irin àlòkù ní 2013.

Oṣù keje 2023 ni tèmi. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Florida ló ní kí n wá lo ìsinmi ilé ìwé pẹ̀lú àwọn. Láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹjọ ni àwọn ọmọ wọn kì í lọ sílé ìwé níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti pé ọdún 15. Ọmọ gidi ni, kò rin ìrìnkurìn. Àmọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, iwájú tẹlifíṣàn ló wà. Iṣẹ́ alẹ́ ni ìyá ẹ̀ ń ṣe, ó ń fi ọ̀sán sùn. Ìta gbóná bí ààrò, kò sí ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sí ọmọ aládùúgbò tó máa kan ilẹ̀kùn. Kí ni kí ọmọ náà ṣe? Ní tiwa, nígbà tí tẹlifíṣàn dé Ìbàdàn ní 1959, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀, ojú fèrèsé onílé la ti ń wò ó, ogún orí nínú fèrèsé kan. Òun nìkan ló ń wo tiẹ̀, ó tún fi nǹkan dí etí.

One Piece lorúkọ eré tó ń wò. Àwòrán tí àwọn ará Jàpáànù ń yà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ó sì ti lé ní 1,000 apá nígbà tí mo débẹ̀, kò tíì parí. Ìtàn ajalèlókun ni, ọmọkùnrin kan tí ara ẹ̀ ń nà bíi rọ́bà, tó ń wá ìṣúra kiri ojú òkun. Mo bá a wò ó lọ́jọ́ mélòó kan. Kì í ṣe eré burúkú o. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún kan!

Ìyá ẹ̀ ló ní òun máa gbé ọmọ òun jáde nílé. Àwọn obìnrin 12, ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo wọn, ni wọ́n jọ ń dá àjọ, dọ́là 200 lóṣù. Nígbà tó kàn án, dọ́là 2,400 bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó yọ ìdajì, ó fi sanwó ọkọ̀ fún àwa mẹ́ta, alẹ́ mẹ́ta lórí omi, nínú yàrá tówó ẹ̀ rẹlẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ọkọ̀ náà ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, èrò inú ẹ̀ lé ní 3,000, a ò tíì ka òṣìṣẹ́. Pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Físà Amẹ́ríkà tí ọmọ Nàìjíríà bá fẹ́ fi wọ irú ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Miami, èèyàn ti jáde ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi rí nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ká kọ́ bá a ṣe máa sá àsálà bí ewu bá dé. Wọn kì í fi ṣeré, pàápàá láti oṣù kìíní 2012 tí ọkọ̀ Costa Concordia forí sọ àpáta ní Ítálì, tí èèyàn 32 kú. Ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbéra kí èrò tó kọ́ ọ. Ibo la ti wá kọ́ ọ? Lórí tẹlifíṣàn inú yàrá! A wò ó tán, a lọ fojú hàn níbi tá a máa sá sí, ó parí. Ọmọ-ọmọ mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì àgbà, ṣé ẹ rí i pé tẹlifíṣàn wúlò?"

Àárín gbùngbùn ọkọ̀ ni yàrá wa wà, kò ní fèrèsé kankan. Bẹ́ ẹ bá paná, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọ̀sán ni tàbí òru. Ìkànnì kan wà lórí tẹlifíṣàn ibẹ̀ tí kò ń ṣe ju kó máa fi iwájú ọkọ̀ hàn lọ, òkun lọ súà, pẹ̀lú máàpù tó ń sọ ibi tá a dé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tá a fi Miami sílẹ̀, tí gbogbo èrò wà lókè tí wọ́n ń juwọ́, ọmọ yìí dùbúlẹ̀, ó ń wo òkun nínú tẹlifíṣàn. Òkun gan-an kò ju ìrìn ìṣẹ́jú méjì lọ! Inú bí mi. Àmọ́ lóru, nígbà tí orúnkún ń ro mí tí oorun ò kùn mí, èmi náà tan ìkànnì ọ̀hún, mo wò ó títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọmọ Philippines ni ọkùnrin tó ń tún yàrá wa ṣe. Ó máa ń ká táwẹ́ẹ̀lì wa bí erin, bí ẹyẹ, á gbé e kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo bi í nípa ilé. Ó ní òun bí ọmọ méjì, ó sì ti tó oṣù méje tóun ti rí wọn gbẹ̀yìn. Àdéhùn iṣẹ́ wọn sábà máa ń tó oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Kò sí Sátidé, kò sí Sọ́ńdè, wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójúmọ́. Ẹ óò ní, òfin òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ńkọ́? Ẹ gbọ́ ọgbọ́n wọn. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ wọ̀nyí, bí ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n tiẹ̀ wà ní Miami, Bahamas tàbí Panama ni wọ́n ti forúkọ wọn sílẹ̀. Àsíá ibẹ̀ ni wọ́n ta, òfin ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Nígbàkígbà tí mo bá rí erin táwẹ́ẹ̀lì yẹn, àwọn ọmọ méjì ọ̀hún ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Ilẹ̀ mọ́, a ti gúnlẹ̀ sí Nassau, olú ìlú Bahamas. Mo ti wọ bàtà. Ọmọ-ọmọ mi ní òun ò lọ. Ó ní òun ti kó eré òun sórí fóònù láti ilé, òun fẹ́ wò ó, ìta gbóná. Ìyá ẹ̀ kò pariwo. Ó kàn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Màámi, òru mélòó ni mo fi ra èyí?"

Mi ò rí èsì fún un. Mo fẹ́ yanu bá ọmọ náà wí bá a ṣe ń bá ọmọ wí ní Ìbàdàn, ni ọkùnrin Philippines yẹn bá kanlẹ̀kùn pé òun fẹ́ tún yàrá ṣe. Ó tajú kán rí fóònù ọmọ náà, ó ní ọmọ òun náà ń wo eré yẹn. Ó wá ní, "Ṣé o mọ̀ pé ìlú àwọn ajalèlókun gidi lo wà yìí?"

Ọmọ náà gbójú sókè.

Òótọ́ ló sọ. Ní bí ọdún 300 sẹ́yìn, ajalèlókun ló ń pàṣẹ ní Nassau. Èbúté ibẹ̀ ò jìn nígbà náà, ọkọ̀ ogun ńlá ò lè wọ̀ ọ́, ló bá di ibùba wọn. Edward Teach tí wọ́n ń pè ní Blackbeard wà lára wọn. Ìgbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì rán Woodes Rogers wá ṣe gómìnà ní 1718 ni wọ́n tó tú ká. Ó dárí ji àwọn tó ronú pìwà dà, ó sì so àwọn kan tó padà sídìí olè kọ́. Ọmọ tó ní òun ò jáde, òun ló ṣíwájú wa sọ̀ kalẹ̀.

Àsíá kún ìlú náà, aláwọ̀ omi òkun, yẹ́lò àti dúdú. Ní 10 July 1973 ni Bahamas gba òmìnira, ọdún 50 sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé nígbà tá a débẹ̀ ni. A dé ibi àtẹ̀gùn kan tí wọ́n fi sọrí Ọbabìnrin Victoria. Àtẹ̀gùn 66 ni wọ́n ní ó jẹ́. Àwọn ẹrú ló fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ sára àpáta ní nǹkan bí 1793 sí 1794. Ọmọ-ọmọ mi kà á, ó ní 65 lòun rí. Wọ́n ní ọ̀kan wà nísàlẹ̀ tí ilẹ̀ bò. Èmi kàn jókòó sídìí ẹ̀, mo nu òógùn.

Ọjà ló wù mí jù, ẹ ò ní yà mí sọ́tọ̀. Straw Market ni wọ́n ń pè é, ní Bay Street. Apẹ̀rẹ̀, fìlà, àpò tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ni wọ́n ń tà níbẹ̀, obìnrin ló sì pọ̀ jù nídìí ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2001, iná jó ọjà náà kanlẹ̀. Abẹ́ tẹ́ǹtì làwọn ìyá wọ̀nyí ti ń tajà títí di ìparí 2011 tí wọ́n ṣí tuntun. Ọdún mẹ́wàá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tí iná ọjà ń ṣe, ẹ̀yin ló máa yé. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ló jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́ o. Mo yí àpò kan padà, mo rí Ṣáínà nídìí ẹ̀. Àmọ́ ìyá kan jókòó tó ń hun tiẹ̀ lójú wa. Ó pe apẹ̀rẹ̀ kan ní dọ́là 45, mo ní 20. Ó ṣe bí ẹni pé mo bú òun. Mo ṣe bí ẹni tó ń lọ. Ó pè mí padà. Ẹ ò rí i pé kò síbi tí ọjà ò ti jọra?

A ṣì ń nájà lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan wá gbé owó lé e lọ́wọ́, ìyá náà sì sàmì sínú ìwé kékeré kan. Mo gbọ́ tí ọ̀dọ́bìnrin yẹn dárúkọ asue. Ó ń dún bí "àsú". Mo ní kí ni asue? Ìyá náà ní àwọn obìnrin ọjà máa ń kó owó jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá kàn á fà á.

Mo kígbe. "Èésú nìyẹn! Èsúsú!"

Ó ní àwọn àgbà òun ní Áfíríkà ló ti wá. Ará Fox Hill ni wọ́n, ní apá ìlà oòrùn Nassau. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn máa ń gba èèyàn sílẹ̀ lórí òkun, wọ́n á kó wọn wá sí Nassau. Àwọn ará wa wà nínú wọn. Nango ni wọ́n ń pè wọ́n, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Nago ní ilẹ̀ Benin títí dòní. Àdúgbò kan tiẹ̀ wà ní Fox Hill tó ń jẹ́ Nango Town. Èdè ti lọ, orúkọ ti lọ, ṣùgbọ́n wọn ò fi èésú sílẹ̀!

Ọmọ-ọmọ mi yọ nǹkan tó fi dí etí. Ó kọjú sí ìyá ẹ̀. "Mọ́mì, ṣé ohun tí ẹ̀yin àti àwọn àǹtí ń ṣe lórí fóònù nìyẹn? Ṣé òun lẹ fi sanwó ọkọ̀ yìí?" Ìyá ẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní oṣù mélòó? Ìyá ẹ̀ sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi ìyá oníṣòwò náà pé bí ẹnì kan bá gba owó tiẹ̀ tán tó sì sá lọ ńkọ́? Gbogbo àwọn obìnrin tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, erékùṣù ni ibí. Ibo ló fẹ́ sá sí?"

Dọ́là 30 la parí ẹ̀ sí. Dọ́là wọn àti ti Amẹ́ríkà, ọgbọọgba ni. Lẹ́yìn náà a jẹ ìgbín òkun tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, tòmátì, ata àti omi ọsàn wẹ́wẹ́, tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́, wọn kì í sè é. Ọmọ mi àti ọmọ ẹ̀ jẹ ẹ́ tán. Èmi tọ́ ọ wò, mo dúpẹ́.

Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, ọmọ-ọmọ mi fa ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ lọ sókè, wọ́n dúró síbẹ̀ títí Nassau fi di iná tín-tìn-tín. Kì í ṣe pé ó pa tẹlifíṣàn tì o. Lọ́jọ́ kejì tá a wà lórí omi látàárọ̀ dalẹ́, apá márùn-ún ló wò. Àmọ́ orí bẹ́ẹ̀dì ìyá ẹ̀ ló ti wò ó, ó yọ ọ̀kan nínú nǹkan etí náà fún un, ìyẹn sì sùn lọ lórí èjìká ẹ̀ kí apá kejì tó parí. Lọ́jọ́ tá a padà dé Miami, lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló wọṣẹ́.

Apẹ̀rẹ̀ náà wà ní ìsọ̀ mi ní Gbági báyìí, èésú ni mo ń kó sínú ẹ̀. Àwọn oníbàárà ti ná an títí. Mi ò tà á.