Ta ni yóò bá ọ ṣe asẹ́ náà?

Bódìjà, Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí fọ́tò asẹ́ èlùbọ́ onídèérí tí o fi ránṣẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín títí. Ike ọ̀dà àti aṣọ àwọ̀n lásán lo fi ṣe é, síbẹ̀ èèyàn á ku èlùbọ́ tán, kò ní fò sí i nímú! Màmá mi ní sísín tí òun ti sín nídìí èlùbọ́ láyé òun ti tó, pé kí o tètè ṣe é jáde.

O wá ń béèrè ibi tí èèyàn ti lè rí ìwé tó to orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó lè báni ṣe irú nǹkan báyìí, ìwé tó ṣeé gbọ́kàn lé. Ìwé ń bẹ, ó pọ̀. Èyí tí wàá gbé ara lé pátápátá ni kò sí. Ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ wò ni ẹni tó sanwó kí orúkọ tó débẹ̀.

Wo ti Amẹ́ríkà. Láti 1898 ni Harvey Mark Thomas ti bẹ̀rẹ̀ ìwé tí wọ́n ń pè ní Thomas Register. Ìwé ràbàtà-rabata aláwọ̀ ewé ni, ó sì tó ìdìpọ̀ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. 2006 ni wọ́n tẹ èyí tó kẹ́yìn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà báyìí, ilé-iṣẹ́ Xometry sì rà á ní 2021. Ẹni tó ń wá ilé-iṣẹ́ kì í san kọ́bọ̀ níbẹ̀; ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí orúkọ òun hàn ketekete ló ń sanwó ìpolówó. Kò burú o, ó wúlò gan-an fún ẹni tó bá wà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n orúkọ tó bá wà lókè pátápátá, má rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀.

Mo mọ̀ pé Alibaba ni àwọn ọmọ á ti kọ́kọ́ júwe fún ọ. Jack Ma àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí sílẹ̀ ní Hangzhou, ní Ṣáínà, lọ́dún 1999. Wàá rí báàjì Gold Supplier lára àwọn òǹtajà kan níbẹ̀. Má jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lójú jù, owó ni wọ́n fi ń gbà á. Ní 2011, Alibaba fúnra rẹ̀ ló jáde sọ pé àwọn òǹtajà tó lé ní 2,300 tí báàjì yẹn wà lọ́rùn wọn ti lu àwọn òǹrajà ní jìbìtì láàárín ọdún méjì tó ṣáájú, pé àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ òun pàápàá sì wà lára àwọn tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. David Wei tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nígbà náà kọ̀wé fipò sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lọ́wọ́ sí i. Wọ́n ti tún ilé ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò ń lọ wo àwọn òǹtajà kan lójúkojú, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ yẹn ni kí o kà.

Alárobọ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tún ńkọ́! Ẹni tó ń ta asẹ́, tó ń ta bàtà, tó ń ta wíìgì, tó tún ń ta ṣájà fóònù, níbo ló ti ń ṣe gbogbo rẹ̀? Ní kó fi ìwé àṣẹ òwò rẹ̀ hàn ọ́. Ti Ṣáínà máa ń kọ irú iṣẹ́ tí wọ́n fàṣẹ sí, bóyá ṣíṣe ọjà ni tàbí títà á. Lẹ́yìn náà, pè é lórí fídíò láìjẹ́ kó mọ̀ tẹ́lẹ̀, kó gbé fóònù yí inú ilé-iṣẹ́ ká, kí o gbọ́ ariwo ẹ̀rọ. Èmi ò kórìíra alárobọ̀ o. Bó bá jẹ́ igba asẹ́ péré lo fẹ́, fáàkítọ̀rì ńlá lè má dá ọ lóhùn, òun ló máa gbà ọ́. Kó ṣáà ti sọ irú ẹni tó jẹ́.

Kí ló tilẹ̀ ń sáré gbé wa lọ Ṣáínà ná? Asẹ́ èlùbọ́ ni, kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú.

Nílé wa níbí, ọjà ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ. Dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta abọ́ ike, mú èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ dán, dojú rẹ̀ dé, kí o ka ìdí rẹ̀. Orúkọ ẹni tó ṣe é sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ṣe ohun tó jọ tìẹ, tí àwọn ìyá ọjà sì ń rí i tà, ó sàn fún mi ju ẹni tí mo kàn rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé lọ. Wàá tún rí àmì onígun mẹ́ta kékeré tó ní nọ́ńbà nínú. 5 ni ti polypropylene, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ abọ́ oúnjẹ. Bí o bá débẹ̀ tí o dárúkọ irú ike tí o fẹ́, wọn ò ní fi ọ́ ṣeré.

Tí o bá ti kó orúkọ jọ, ṣe bí alárinà tó ń wádìí ìdílé ìyàwó: kì í ṣe ẹnu bàbá ìyàwó ló ti ń gbọ́ ọ. MAN, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà jáde ní Nàìjíríà, ti wà láti 1971, wọ́n sì ní ìsọ̀rí kan tó jẹ́ ti ike, rọ́bà àti fóòmù. Béèrè lọ́wọ́ wọn, àmọ́ má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ kéékèèké tó mọṣẹ́ lè máà sí nínú ẹgbẹ́. Wá orúkọ náà lójú òpó CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, wàá sì rí i bóyá ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà láàyè nínú ìwé ìjọba. Béèrè ìwé ẹ̀rí MANCAP tí SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ń fún ọjà tí wọ́n ṣe nílé. Ká ní ìpara tàbí oúnjẹ ni tìẹ, NAFDAC ni ǹ bá ní kí o kọ́kọ́ yà sí.

Ọ̀rọ̀ móòdù ni kí o fara balẹ̀ sí jù. Irin ni wọ́n ń gbẹ́, inú rẹ̀ ni ike ti ń di asẹ́, òun ló sì máa ń wọ́n jù nínú iṣẹ́ ike. Owó rẹ̀ lè ju ti ẹgbẹ̀rún asẹ́ lọ. Kó wà nínú ìwé àdéhùn pé ìwọ lo ni ín, pé o lè gbé e lọ síbòmíràn lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, pé wọn ò sì gbọdọ̀ fi ṣe asẹ́ fún ẹlòmíràn. Ilé-iṣẹ́ tó bá bínú sí gbólóhùn yẹn, fi í sílẹ̀.

Kí o tó fi asẹ́ yẹn han èyíkéyìí nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà, lọ forúkọ bátànì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó o ní Àbújá. Ọdún 5 ni wọ́n ń fúnni, o sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kó má tíì hàn ní gbangba rí. O ní o fẹ́ gbé fídíò rẹ̀ sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp ní Sátidé. Jọ̀ọ́, Àbẹ̀kẹ́, dá a dúró ná. Bí ọwọ́ bá ń yún ọ, gbé ti àmàlà sí i.



Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àṣàkẹ́