Bàbá àgbà mi, rọ́bọ́ọ̀tì mẹ́jọ, àti ọ̀nà ààlà

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ ọdẹ àti rọ́bọ́ọ̀tì ni mo gbé wá lónìí. 🧵

Pírójẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ fi jáde ni bí ọ̀pọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì kéékèèké ṣe lè máa ṣọ́ ìlú láìní ọ̀gá. Kò sí rọ́bọ́ọ̀tì gidi o, owó dà? Inú láptọ́ọ̀pù ni gbogbo ẹ̀ wà, àmì mẹ́jọ tó ń rìn kiri. Àwọn olówó ti ṣe tiwọn: ní Harvard, ní 2014, Michael Rubenstein àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kó rọ́bọ́ọ̀tì 1,024 jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bá èyí tó wà nítòsí ẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀, títí gbogbo wọn fi to ara wọn bí ìràwọ̀.

Èmi ya máàpù Ìfọ́n: ọjà, ààfin Olúfọ́n, ilé-ìwé, ọ̀nà tó lọ sí Ìlobùú. Rọ́bọ́ọ̀tì tó bá kọjá á fi àmì sílẹ̀, bí èèrà ṣe ń fi òórùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àmì yẹn á máa ṣá. Òfin wọn ò ju ẹyọ kan lọ: ibi tí àmì ti ṣá jù nítòsí ni kí o gbà.

Ṣé ẹ mọ nǹkan tí wọ́n ṣe? Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn bí ewúrẹ́! Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń rí, ibì kan náà ni wọ́n ń yàn. Ìgbà tí mo ní kí wọ́n máa ṣẹ́ kèké díẹ̀ ni wọ́n tó fọ́nká.

Mo fi han bàbá àgbà mi. Ọdẹ àdúgbò ni wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ìdí tá a fi ń fọn fèrè nìyẹn. Ẹnìkejì á gbọ́, á gba ibòmíì." Èmi tí mo rò pé olè ni wọ́n fi ń lé.

Mo wá ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà sọ pé ojú ààlà lẹ ò kì í dé dáadáa. Ẹ fi èèyàn méjì kún un."

Wọ́n dákẹ́. Ẹ rántí March 2025, nígbà tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹ̀mí lọ, ilé jóná.

"Ọmọ mi, àwọn tọ̀hún ò lọ́dẹ ni? Tí wọ́n bá rí ìbọn wa níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lálẹ́, kí lo rò pé wọ́n máa ṣe?"

Mi ò rí èsì. Mo lọ fi mẹ́jọ mìíràn sí òdìkejì, mo fi òfin kan kún un: tó o bá rí àjèjì, pe ẹnìkejì rẹ. Kò pẹ́ tí àwọn mẹ́rìndínlógún fi dúró sójú ààlà, wọ́n ń wo ara wọn. Ọjà ṣófo. Ilé-ìwé ṣófo. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìlobùú ni wọ́n ti fẹ́ ìyá mi wá o. Ìyá ìyá mi ṣì wà níbẹ̀.

Mo padà lọ bá bàbá. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí wọ́n jọ máa fọn fèrè kan náà, ká wò ó."

Àtàná ni mo ti ń kọ kóòdù ẹ̀. Mẹ́rìnlá ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Méjì ṣì wà lójú ààlà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọn ò kúrò.