Aró Tó Jẹ Gbèsè

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta ká fi prọ́jẹ́ẹ̀tì àṣekágbá wa sílẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà sọ fún wa pé aró tó wà nínú odò kò tó òdo.

Iṣẹ́ náà ò le lójú àwa mẹ́ta. A pín odò tó gùn ní mítà 1000 sí yàrá 100. Omi ń ṣàn ní ìdajì mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. A da aró sínú yàrá 21 sí 25, a pe ìwọ̀n rẹ̀ ní 1, a sì ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣírò ibi tó dé ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá. Central difference la lò, èyí tó ń wo yàrá iwájú àti ti ẹ̀yìn bákan náà. Ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá, yàrá 20 di -0.25, yàrá 25 di 1.25. Yàrá tí a kò da nǹkan kan sí ti jẹ gbèsè aró!

Ọ̀kan nínú wa ní ká sọ gbogbo gbèsè di òdo, ta ni yóò mọ̀? Ká má parọ́, a kọ ọ́ sínú kóòdù. Ṣùgbọ́n oorun ò kùn wá lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a fi ọwọ́ ṣírò yàrá 20 lórí ìwé. Òkè odò ló wà, síbẹ̀ a ní kó lọ béèrè ohun tó ń bọ̀ lọ́wọ́ yàrá 21 tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ṣáà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ.

Ọgbọ́n tí Courant, Isaacson àti Rees kọ nípa rẹ̀ ní 1952 nìyẹn, tí à ń pè ní upwind: ibi tí omi ti ń bọ̀ ni kí yàrá kọ̀ọ̀kan wò. A yí ìlà kan péré padà. Yàrá 20 di òdo, 21 àti 26 di 0.5. Gbèsè tán.

Àmọ́ upwind náà ní àléébù tirẹ̀. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 100, tí aró ti rin mítà 500, ìwọ̀n tó ga jù já sí 0.38, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun tó ń tú aró ká nínú ìdọ́gba wa. Ọ̀nà ìṣirò náà ló tú u ká.

A pa ìlà tó ń bo gbèsè mọ́lẹ̀ rẹ́. A kọ 0.38 bó ṣe rí, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a dúró níwájú àwọn olùkọ́, òun gan-an ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Èsì wà lẹ́nu wa.