Ìwé Owó Alùpùpù Wa ní Abossey Okai

Bí Èkó ti ní Ládípọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Accra ní Abossey Okai. Bí ẹ bá wọ trotro láti Circle, tí ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún méètì tó ń gba owó ọkọ̀, kò ní bi yín pé kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Páàtì ni. Ṣọ́ọ̀bù fara ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ bíi iṣu lọ́jà, ọ́ìlì sì ti sọ ilẹ̀ di dúdú.

Àwa méjèèjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, la dáwó jọ ra alùpùpù asáré kan, Suzuki GSX-R600 ọdún 2006. Tòkunbọ̀ ni, kò sì ṣeé tan. 15,000 cedi la rà á. A ṣírò pé 6,000 yóò tún un ṣe. Nígbà tí ìyá wa gbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí wọ́n sọ kò ju ẹyọ kan lọ: “Ẹ ṣáà má fi owó yín ra ikú.”

Kí a tó ra páàtì kankan, a ra ìwé kékeré kan. Ìdí wà níbẹ̀. Bàbá wa àgbà ṣòwò ní ìlú yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló fi ọjà àti gbèsè sílẹ̀. Ìwé owó wọn wà lára ìwọ̀nba ohun tí bàbá gbé dé ilé. Láti ìgbà náà, nílé wa, owó tí a kò bá kọ sílẹ̀, a kì í kà á sí owó.

Táyà tó bá alùpùpù náà wá dára lójú, eyín rẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Mẹkáníìkì wa ló nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó fi nọ́ńbà mẹ́rin hàn wá: 3211. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà a máa gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Á le, á máa là wẹ́wẹ́, kò sì ní lè di ilẹ̀ mú bí òjò bá rọ̀.

Ọlọ́jà kan ní kí a mú tòkunbọ̀ méjì ní 900 cedi. Ó ń dán yanran. A bẹ̀rẹ̀, a wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 1409. Ó tún dàgbà ju èyí tí a fẹ́ yọ lọ! A dúpẹ́, a kọjá. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta tuntun, a ń pe “te so”, èyí tí í ṣe “ẹ dín in” lédè Twi, títí 3,000 fi di 2,600.

Bí ìwé wa ṣe parí nìyí:

Táyà méjì: 2,600
Ṣéènì àti eyín rẹ̀: 1,200
Páàdì bíréèkì: 500
Bátìrì: 650
Ọ́ìlì, fílítà, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin: 900
Owó iṣẹ́: 2,000
Owó ọkọ̀, nọ́ọ̀tì àti waakye: 750

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8,600. A fi 2,600 kọjá ohun tí a ṣírò, iye táyà gẹ́lẹ́. Ká ní a kò wo nọ́ńbà yẹn ni, à bá máa yọ̀ pé a ṣírò re. Ẹ tún wo ìlà ìkẹyìn: owó wẹ́wẹ́ tí a kò kà sí nǹkan ju owó bátìrì lọ.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ bá a ra ìwé kọ́kọ́, kí ẹ sì kọ́ ọ bí a ṣe ń ka ẹ̀gbẹ́ táyà.

Alùpùpù náà ti ń dún báyìí. A kò tíì gùn ún jáde, nítorí akoto méjì ló kù. A ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé, iye wọn nìkan ni a kò tíì kọ.