Bí Ẹ Bá Mọ̀ Ọ́n Tán, Kí Lẹ Ó Ṣe sí I?

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ, ìbéèrè kan ló sábà máa ń kù lẹ́nu rẹ̀: "Ṣé kò ní padà wá?" Ní làábù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a kì í rí aláìsàn lójú. Ègé kókó tí wọ́n gé lára wọn là ń rí, nínú ike kékeré tó ní nọ́ńbà. Síbẹ̀, ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni à ń wá.

Inú RNA la ti ń wá a. Bí DNA bá jẹ́ ìwé ńlá tí kì í kúrò nínú àpótí, RNA ni ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń kọ jáde láti inú rẹ̀. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé purotéènì ni wọ́n ń fi ẹ̀dà náà ṣe. Àmọ́ apá DNA ènìyàn tó wà fún purotéènì kò tó ìdá 2 nínú 100. Ní 1972, Susumu Ohno lo ọ̀rọ̀ náà "pàǹtí" fún ọ̀pọ̀ nínú ìyókù.

Ṣùgbọ́n orí ààtàn ni tẹ̀tẹ̀ ti ń hù dáadáa. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn RNA gígùn, tí lẹ́tà wọn ju 200 lọ, tí wọn kò di purotéènì, síbẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ní Jámánì ròyìn MALAT1: nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀ nínú kókó àwọn tí àrùn wọn padà tàn ká. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí HOTAIR bá pọ̀ nínú kókó ọmú, ewu pé àrùn náà yóò tàn ká, kí ó sì la ikú lọ, ga sí i.

Ìwé wọ̀nyí ni mo ń kà lọ́dún tí wọ́n gé ọmú òsì àbúrò màmá mi. Mo ṣàlàyé HOTAIR fún un níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n tán, kí lẹ ó ṣe sí i? Ṣé oògùn mìíràn wà fún ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀?"

Mo ní, "Kò tíì sí, Àǹtí."

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú."

Ẹlòmíràn lè pe èyí ní ìbẹ̀rù. Èmi gbà pé òye ni. Àmì tí wọ́n rí lára ọ̀pọ̀ obìnrin kò lè sọ èwo nínú wọn ni àrùn yóò padà bá. Àmì gan-an lè yíjú padà: ní 2018, ìwádìí kan lára eku fi hàn pé jẹjẹrẹ ọmú túbọ̀ ń tàn ká nígbà tí wọ́n yọ MALAT1 kúrò. RNA sì tún ń tètè bàjẹ́. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò tètè gbà á, tí fírísà wá yọ́, nọ́ńbà tí a ó rí lè kéré. Ẹni tó bá sì rí nọ́ńbà kékeré yóò máa dúpẹ́, kò mọ̀ pé RNA ló ti bàjẹ́.

Ìbéèrè Àǹtí ti di òṣùwọ̀n mi. Àyẹ̀wò kan wà tó ń ka RNA jíìnì 21 nínú kókó ọmú. Ìwádìí tó kó obìnrin tó ju 10,000 lọ, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, fi hàn pé ó lè tọ́ka sí ọ̀pọ̀ obìnrin tí irú jẹjẹrẹ ọmú kan ń ṣe, tí wọn kò nílò oògùn líle tó ń mú irun re. Ẹni tó bá gba irú èsì bẹ́ẹ̀ rí nǹkan mú bọ̀ látọ̀dọ̀ dókítà. Kí àwọn RNA gígùn wọ̀nyí náà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ dán wọn wò lára àwọn obìnrin tiwa pẹ̀lú, pẹ̀lú kókó tí kò bàjẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń dìde lóru lọ wo fírísà.